Ìdí Ìkòkò Aláràbarà ní Ilé Ìyá Òkè

Ọmọ ọwọ́ ṣì ni ọmọbìnrin mi nígbà tí omi wọ ilé wa ní Greenspoint lókè òkun. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa lásìkò náà. Láti Ìwó ni wọ́n ti wá kí wọ́n lè bá mi tọ́jú ọmọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Baytown, irú iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí gbogbo ayé bá ń sá fún ìjì, àwọn kan gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ. Ó wà lára àwọn tó dúró. Bó ṣe di pé èmi, ìyá mi àti ọmọ nìkan la wà nílé nìyẹn.

Àpátímẹ́ǹtì tó wà nísàlẹ̀ ni tiwa. Lórí wa gan-an ni ìyá àgbàlagbà kan tó wá láti ilẹ̀ Ìráànì ń gbé. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé ní California, ó sì máa ń pè wọ́n lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Kí ìyá mi tó dé, ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò ju ìró bàtà wọn lókè àjà wa lọ, àti òórùn oúnjẹ kan tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá mi ló sọ wọ́n ní Ìyá Òkè. Wọn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa tí àwọn méjèèjì fi pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Òkè rí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì kí wọn ní sàlámà. Ìyá mi dáhùn, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ síwájú ní Yorùbá bí ẹni tó rí ará ilé: "Ẹ kú ilé mà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara ò ni yín?" Ìyá Òkè náà fi èdè tiwọn dá a padà, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Kò sí èyí tó gbọ́ ohun tí èkejì wí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń mi orí. Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti rọ̀, wọ́n á jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á gbé ọmọ mi láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú á sì máa sọ tirẹ̀.

Ohun kan wà tí ìyá mi kì í gbà láàyè tó bá dọ̀rọ̀ ìdáná. Ìrẹsì kò gbọdọ̀ jó mọ́ ìkòkò. Bó bá ṣèèṣì jó, bí wọ́n bá ti bu oúnjẹ tán báyìí, omi ni wọ́n á dà sínú ìkòkò náà, wọ́n á gbé e síta. Nígbà tí à ń dàgbà ní Ìwó, mo máa ń rí àwọn ọmọ ilé kejì tí wọ́n ń du ìdí ìkòkò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ṣíbí ha á, tí ẹnu wọn ń ró kàràkàrà. Ilé wọn ni mo ti ń jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Nílé tiwa, kò sí ọmọ tó jẹ́ dán an wò. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Mi ò béèrè rí.

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì dá. Bó ṣe ń mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti yàrá kejì. Ohùn wọn kò lọ sókè rárá.

"Dìde. Mo sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, inú omi ló bọ́ sí."

Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó dúdú, ó sì ń rùn bí epo ọkọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti rin gbingbin. Mo tan iná, kò tàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí mo fi aṣọ ọmọ sí ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Òkè ni, pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ká ẹ̀wù wọn sókè dé orúnkún. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọn ò tilẹ̀ béèrè.

"Òkè," ni wọ́n wí. "Ẹ wá. Òkè."

A gbé ohun tí a lè gbé. Ìlédìí ọmọ, aṣọ díẹ̀, Kùránì ìyá mi, àti ohun tó wà nínú fíríìjì, nítorí kò sí iná tó máa mú un tutù mọ́: kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́, adìyẹ kan, àti tàtàṣé ńláńlá tí ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn ṣà ní ilé ìtajà àwọn ará Mẹ́síkò. Orí ilẹ̀ ni àpò ìrẹsì wa wà. Omi ti mu ún dé àárín. Ìyá mi dúró, wọ́n ń wò ó, títí mo fi fà wọ́n lápá.

Nílé Ìyá Òkè, ẹní ilẹ̀ wọn tó ní àwọ̀ pupa àti búlúù ló bo gbogbo ilẹ̀, àwòrán ọkọ wọn sì wà lára ògiri, ọkùnrin kan tó ní irun imú funfun. Iná mànàmáná kò sí níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n sítóòfù gáàsì wọn ṣì ń jó bí wọ́n bá ṣá ìṣáná sí i. Tíì àti búrẹ́dì la jẹ lọ́jọ́ náà. Mo pe ọkọ mi.

"Ṣé ẹ ti kúrò nísàlẹ̀?"

"A ti wà lókè."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Màmá ńkọ́?"

Mo wo ìyá mi. Wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọ́n sì kẹ̀yìn sí wa. Níta, omi ti bo táyà àwọn ọkọ̀, ó ń gun ilẹ̀kùn wọn. Ìró ọkọ̀ títì márosẹ̀ tí a máa ń gbọ́ tọ̀sán tòru ti dákẹ́ pátápátá.

"Wọ́n ń wo omi," ni mo sọ fún un, mo sì pa fóònù kí bátìrì má bàa tán.

Ìyá mi kò fọwọ́ kan búrẹ́dì wọn. Yàtọ̀ sí ìrun, wọn ò la ẹnu sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdákẹ́ wọn bà mí lẹ́rù ju omi lọ. Obìnrin tó lè bá ògiri sọ̀rọ̀ ni ìyá mi.

Òjò dá lọ́jọ́ kẹta, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Ìyá Òkè wo ìyá mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wò wọ́n pẹ́. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì gbé ìkòkò kan jáde, ìkòkò tó nípọn, tí inú rẹ̀ ń dán. Wọ́n ti rẹ ìrẹsì sínú omi iyọ̀ láti àárọ̀, èmi ni mi ò kíyè sí i. Ìrẹsì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó funfun bí eyín ọmọdé.

Wọ́n mú agolo kékeré kan. Òwú pupa tín-ín-tìn-tín ló wà nínú rẹ̀, òwú inú òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní sáfúrọ́nì. Wọ́n bu ìwọ̀n ìka méjì, wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sí i, wọ́n gún un nínú odó kan tí kò tóbi ju ife tíì lọ, wọ́n sì ta omi gbígbóná sí i lórí. Omi náà pọ́n bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀. Òórùn rẹ̀ kún ilé. Òórùn Jímọ́ọ̀ tí mo ti mọ̀ láti ìsàlẹ̀ ni.

Ìyá mi yíjú padà láti ibi fèrèsé.

Ìyá Òkè bọ ìrẹsì náà nínú omi tó ń hó. Wọ́n mú hóró kan, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Mo rí i pé ìyá mi rí i. Ìyá Òkè dà á sínú ajere, omi rẹ̀ sì ro dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé pọ̀tétò pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, àti gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní bíìtì, tí omi rẹ̀ pa ọwọ́ wọn láró. Wọ́n mú kárọ́ọ̀tì wa, wọ́n gé kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí òdòdó ló ń jábọ́.

Ìyá mi dìde. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ kejì, wọ́n fa tàtàṣé mọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní òrùka òrùka. Ìyá Òkè sún láti fún wọn láyè. Mo jókòó pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn àwọn ìyá méjì níwájú sítóòfù kan, gèlè ọ̀kan àti ìbòrí ẹnì kejì. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́.

Ọwọ́ Ìyá Òkè máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ife. Lọ́jọ́ náà kò gbọ̀n. Wọ́n da òróró sí ìdí ìkòkò, wọ́n ta díẹ̀ lára omi sáfúrọ́nì sí i, wọ́n sì ń to nǹkan wọ̀nyẹn sínú rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan: pọ̀tétò láàárín, bíìtì yí i ká, kárọ́ọ̀tì, òrùka tàtàṣé, ewé ẹ̀fọ́ ní gbogbo àlàfo. Wọ́n po ìrẹsì díẹ̀ mọ́ wàrà kíkan àti omi sáfúrọ́nì, wọ́n fi bò wọ́n, wọ́n sì kó ìrẹsì funfun tó kù lé e bí òkìtì. Wọ́n fi ìdí ṣíbí gún ihò sí òkìtì náà. Wọ́n wá fi aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ wé ọmọrí ìkòkò, wọ́n sì dé e.

"Kí ni aṣọ wà fún?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá mi sọ láti àná nìyẹn.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Ìyá Òkè fi ọwọ́ ṣe bí òjò tó ń rọ̀ láti òkè sínú ìkòkò, wọ́n sì mi orí pé rárá.

"Wọ́n ní kí oru má bàa kán sí i padà," ni mo sọ fún ìyá mi.

"Ọgbọ́n ni," ni ìyá mi wí.

A dúró. Iná náà kéré. Ó pẹ́ díẹ̀, òórùn nǹkan tó ń gan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ojú ìyá mi yí padà.

"Sọ fún wọn pé ó ń jó."

"Màmá, bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sè é."

"Ó ń jó mọ́ ìdí ìkòkò. Sọ fún wọn." Wọ́n ti na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa sítóòfù.

Ìyá Òkè rọra di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n fi ahọ́n lá ìka tiwọn, wọ́n sì fi kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ó ró ṣáà. Wọ́n tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. "Ó dára," ni wọ́n wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Díẹ̀ sí i."

Nígbà tó tó àkókò, wọ́n ki ìdí ìkòkò bọ inú ọpọ́n omi tútù, oru sì bo ojú gbogbo wa. Wọ́n gbé tíréè ńlá kan dé ìkòkò lórí. Ọwọ́ wọn kò lágbára tó láti yí i nìkan. Wọ́n wo ìyá mi, ìyá mi sì di apá kejì mú. "Bísímílláhì," ni àwọn méjèèjì wí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ará Ìwó àti ará Ìráànì. Wọ́n yí i dé. Wọ́n rọra gbé ìkòkò kúrò.

Ohun tó dúró lórí tíréè náà tóbi bí ìdérí agbọ̀n, gbogbo ojú rẹ̀ sì ń dán. Pọ̀tétò ti di wúrà. Bíìtì pupa rúsúrúsú, òrùka tàtàṣé pupa fòò, òdòdó kárọ́ọ̀tì, ewé ẹ̀fọ́ tó ti gbẹ tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú èépá ìrẹsì tó ní àwọ̀ oyin. Ó ń dún wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bó ṣe ń tutù. Oòrùn ti yọ díẹ̀ níta, ó gba orí omi tó yí ilé wa ká, ó sì ń ta padà sókè àjà, ó ń mì. Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀dì mi, àga mi, ibùsùn ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, gbogbo rẹ̀ wà nínú omi ìdọ̀tí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ojú mi ń wò kò jẹ́ kí n lè ronú kan nǹkan mìíràn. Mo ti ń se ìrẹsì láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí lè wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú kò tó.

Ìyá Òkè ṣẹ́ èyí tó dára jù, ó ró kàkà, wọ́n fi sínú àwo, wọ́n sì na án sí ìyá mi.

Ìyá mi kò gbà á.

"Màmá, ẹ gbà á."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni wọ́n ń fún ní ìdí ìkòkò?" Ohùn wọn ti yàtọ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Òkè. Wọ́n wá ọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i. "Èyí ló dára jù. Àlejò, àkọ́kọ́. Ìyá, àkọ́kọ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi jókòó. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi ni wọ́n ń wò.

"Nígbà tí ìyá mi kú, ilé ìbátan wa kan ni wọ́n mú mi lọ. Mi ò ju bí ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín lọ. Èmi ni mò ń pọn omi, èmi ni mò ń dáná. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún gbogbo ọmọ ilé tán, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò sí mi. Wọ́n á ní kí n ha á. Ohun tí mo bá rí ha ni oúnjẹ mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ọmọ tí mo bá bí kò ní fẹnu kan ìdí ìkòkò láé."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo ti di ìyá ọmọ, mi ò gbọ́ ọ rí.

Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí Ìyá Òkè gbọ́ kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tan fóònù mi, mo gba nọ́ńbà ọmọ wọn ní California lọ́wọ́ wọn, mo pè é, mo sì sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní kí n gbé fóònù sí etí ìyá òun. Ìyá Òkè gbọ́ ọ tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ lórí ẹní níwájú ìyá mi, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọmọ wọn ń túmọ̀ fún mi, èmi sì ń túmọ̀ fún ìyá mi.

"Wọ́n ní nítorí ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn ṣe ń sè é, pé ìrẹsì tó wà lókè kàn tẹ̀ lé e ni. Wọ́n ní bí ìyàwó tuntun bá sè é tí kò jáde ní odidi, ojú á tì í. Wọ́n ní ọkọ wọn, ọ̀gá ilé ìwé, máa ń bá ọmọ rẹ̀ jà sí i."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" ni ìyá mi béèrè.

"Tadíìgì. Ọmọ wọn ní 'tà' ni ìdí, 'díìgì' ni ìkòkò."

Ìyá mi gbé ojú sókè. "Ìdí ìkòkò náà ni wọ́n ń pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìdí ìkòkò náà," ni wọ́n tún wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n gba àwo náà. Wọ́n bù ú jẹ, mo sì gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, omi kan bọ́ lójú wọn, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, wọn ò sì dúró. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n na àwo padà sí Ìyá Òkè.

"Sọ fún wọn kí wọ́n fún mi ní ibi tí tàtàṣé wà."

Ọkọ mi padà dé nígbà tí omi fà. Gbogbo ẹrù wa la kó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a sì kó lọ sí ìlú Humble. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Ìyá Òkè wá mú wọn lọ sí California, ìyá mi sì padà sí Ìwó. Mo ti gbìyànjú ìrẹsì náà lọ́pọ̀ ìgbà nílé wa tuntun. Nígbà mìíràn ìdajì rẹ̀ á jáde, ìdajì á kù sínú ìkòkò. Ọmọ mi, tó ti ń rìn báyìí, máa ń mú òdòdó kárọ́ọ̀tì rẹ̀, á tì í sẹ́nu.

Ìyá mi ló ń sè é dáadáa jù mí lọ. Kò sí sáfúrọ́nì lọ́dọ̀ wọn, ata ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sè é ní Ìwó, wọ́n ní kí n wá Ìyá Òkè kàn lórí fóònù kí wọ́n lè rí i. Mo so gbogbo wa pọ̀, èmi ní Humble, Ìyá Òkè àti ọmọ wọn ní California, ìyá mi nílé ìdáná wọn pẹ̀lú ìkòkò níwájú. Ìyá Òkè sún mọ́ fóònù, wọ́n yẹ ẹ̀gbẹ́ èépá náà wò, ó ti dúdú díẹ̀.

"Màmá mi ní iná pọ̀ jù," ni ọmọ wọn wí.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní iná kò pọ̀, ìkòkò ni kò nípọn. Ìyá Òkè ní kì í ṣe ìkòkò. Ìyá mi gbé ìkòkò náà sókè síwájú fóònù, wọ́n ń fi ìka kàn án kí Ìyá Òkè lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gbóná, àwọn ìyá méjèèjì ò dúró de ìtumọ̀ mọ́. Ọmọ Ìyá Òkè wò mí, mo wò ó, àwa méjèèjì ò túmọ̀ mọ́, a ń gbọ́ wọn.